Igun Tí Mosúnmọ́lá Kò Ha

"Ha á títí irin yóò fi funfun," ni Bàbá Mosúnmọ́lá wí. "Má fi ìdógùn-ún kankan sílẹ̀. Gíláàsì kì í fẹ́ kókó lábẹ́. Bí kókó bá wà níbẹ̀, tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, ibẹ̀ ni gíláàsì yóò ti fọ́."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ọ̀sán Sátidé ni, ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Láfẹ́nwá. Ọkọ̀ tó wà níwájú wọn kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Ọkọ̀ pupa kékeré onílẹ̀kùn méjì ni, irú tí àwọn ọ̀dọ́ olówó fi ń sáré nígbà tí bàbá náà ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, tó ń ti Abẹ́òkúta lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, ló ni ín. Ó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ọdún márùn-ún ló sì ti fi ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Gíláàsì iwájú nìkan ló kù, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀kan tó bá a mu, ògbólógbòó bíi ti ọkọ̀ náà.

Adégbóyèga, bàbá Mosúnmọ́lá, mọ iṣẹ́ gíláàsì ọkọ̀ dunjú. Ṣùgbọ́n láti èṣí tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lágbára mọ́. Mosúnmọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama, ló di ọwọ́ fún un. Bàbá á máa sọ, òun á máa ṣe. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn oníbàárà mìíràn tilẹ̀ máa ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, bàbá ní ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Bí o bá ha á tán, kùn ún lọ́dà, kí o jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí méjì. Lẹ́yìn náà, kí ìwọ àti Tawheed gbé gíláàsì sí i."

Nígbà tó lọ tán, Mosúnmọ́lá mú irin ìha, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo etí ibi tí gíláàsì máa jókòó sí ló ti dógùn-ún. Apá òkè kò yọ ọ́ lẹ́nu, apá òsì náà kò le. Ṣùgbọ́n igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ti wú bí egbò. Bó ṣe ń ha ọ̀kan kúrò ni òmíràn ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Òógùn ń kán sí i lójú.

Fóònù rẹ̀ dún. Hephzibah, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ni.

"Mosún, níbo lo wà? Ẹsẹ̀ Òkè Olúmọ ni gbogbo wa wà. Agogo mẹ́rin ni onífótò máa dé o!"

"Mò ń ṣiṣẹ́. Ó ku díẹ̀."

"Iṣẹ́ kẹ̀? Ojoojúmọ́ niṣẹ́! Fótò ìdágbére la fẹ́ yà. Ká tún pé báyìí, ó di ìgbà wo? Azeezat ní tó ò bá wá, a jẹ́ pé gíláàsì lo fẹ́ fẹ́ lọ́kọ." Ẹ̀rín bú lẹ́yìn rẹ̀.

Mosúnmọ́lá wo aago. Agogo méjì ti kọjá. Bó bá ha igun yẹn dé ìdí, tó sì dúró kí ọ̀dà gbẹ, fótò ti lọ nìyẹn. Ó wo igun náà. Rọ́bà ló máa bò ó mọ́lẹ̀, ó rò ó nínú ara rẹ̀. Ta ló máa rí i?

Ó kun ọ̀dà lé ìdógùn-ún náà lórí. Kò tíì gbẹ tó fi lọ pe Tawheed, pánẹ́ẹ̀bítà tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

"Ṣé igun ọ̀tún yẹn ti tán?" ni Tawheed bi í. "Mo rí i láàárọ̀. Kò dáa rárá."

"Ó ti tán."

Wọ́n fi rọ́bà yí gíláàsì ká, wọ́n ki okùn sínú ihò tóóró tó yí rọ́bà náà ká, wọ́n sì gbé e sójú ààyè rẹ̀. Tawheed dúró níta, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tì í. Mosúnmọ́lá jókòó sínú ọkọ̀, ó ń fa okùn náà díẹ̀díẹ̀, etí rọ́bà sì ń gun orí irin. Nígbà tó dé igun ọ̀tún, okùn há. Ó fà á lágbára. Gíláàsì dún kẹ́, okùn sì kọjá. Ó fún gọ́ọ̀mù dúdú sábẹ́ rọ́bà yí ká kí omi má baà wọlé, ó nu èyí tó ṣẹ́ kù kúrò. Ó ń dán gbinrin.

Ó bá wọn ya fótò náà. Nígbà tó padà dé, bàbá rẹ̀ dúró ti ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì tọ etí rọ́bà lọ.

"Iṣẹ́ yìí dáa," ni bàbá wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Igun ọ̀tún ńkọ́? Ṣé o ha á dé irin?"

Mosúnmọ́lá mú aṣọ, ó tún ń nu gíláàsì náà. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. Ó mú Olúkẹ́mi, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́wàá, dání. Ó fẹ́ lọ fi ọkọ̀ náà han ìyá rẹ̀ ní Wásinmi. Olúkẹ́mi jókòó níwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń juwọ́ sí wọn títí wọ́n fi lọ.

Kò tó wákàtí méjì tí fóònù bàbá Mosúnmọ́lá dún. Ọkọ̀ náà ti já sí kòtò lójú ọ̀nà Wásinmi. Láti igun ọ̀tún ni gíláàsì ti fọ́, gbogbo rẹ̀ sì tú dà sí ọmọ náà lójú. Àwọn dókítà gba ojú òsì rẹ̀ là. Wọn kò rí ti ọ̀tún gbà là.

Lọ́jọ́ Wẹsidé, Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Adégbóyèga, tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni, ọ̀gá mi. Ọwọ́ mi tó ti rọ yìí ni. Kò yẹ kí n gba iṣẹ́ náà."

Mosúnmọ́lá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù náà pa lọ́jọ́ kejì. Bàbá kò jẹun mọ́. Á jókòó, á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Tawheed pàdé Mosúnmọ́lá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "O sọ fún mi pé ó ti tán."

Láàárọ̀ Sátidé, Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ má wo ọwọ́ yín mọ́, sà. Mi ò ha igun yẹn. Mo kun ọ̀dà bò ó ni."

Bàbá gbójú kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. "Mo bi ọ́," ló wí. "Mo dúró ti ọkọ̀ yẹn, mo bi ọ́." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mosúnmọ́lá kò rí ẹkún bàbá rẹ̀ rí.

Wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Mosúnmọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé. Orí bẹ́ẹ̀dì ni Olúkẹ́mi wà, báńdéèjì yí i lórí ká. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, nígbà tí ẹ gbé e síbẹ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé kò dáa?"

Mosúnmọ́lá gbójú sókè. "Mo mọ̀."

Ọmọ náà yíjú sí ògiri. Bàbá rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. "Ẹ máa lọ," ló wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́."

Ṣọ́ọ̀bù náà kò ṣí mọ́. Adégbóyèga di ọlọ́dẹ nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀fàdà. Mosúnmọ́lá ṣe ìdánwò àṣekágbá rẹ̀, ó yege, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yọ̀ nínú ilé wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni Mosúnmọ́lá lè dá jàǹbá yìí dúró: nígbà tó mú ọ̀dà, àti nígbà tí bàbá rẹ̀ bi í léèrè. Ká ní ó sọ pé "Rárá, sà," bàbá á bínú, wọ́n á tú gíláàsì náà, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Iṣẹ́ tí a ṣe síbi tí ojú kò tó, ẹlòmíràn ni yóò fara lé e. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kó tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tún un ṣe, torí ìjẹ́wọ́ tó pẹ́ kì í dá ojú ọmọ padà.