Gẹdú Owó Pọ́ọ́kú

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ọkọ̀ akẹ́rù náà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìlagi, tapólì bo ẹrù rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n gbé òkú. Onípákó ń gbá lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lábẹ́ ayùn ńlá. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí obìnrin yìí ti ń ta pákó níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fi orúkọ mìíràn pè é mọ́. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ agégi, ń pọ́n eyín ayùn, ó ń súfèé. Bàbá ọkọ rẹ̀ jókòó níwájú ilé, ó kọjú sí igbó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn. Igi ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá ni, wọ́n tò láti ẹ̀yìn ilé ìlagi títí dé ààlà Tíṣà, àgbà olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tóun náà gbin igi tirẹ̀.

Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀. "Àǹtí, gẹdú ogún rèé. Ìdajì owó ọjà ni kẹ́ ẹ san. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n tètè já a."

"Kí ló dé tí owó ẹ̀ fi wálẹ̀ tó báyìí?"

"Mi ò gba ibi tí wọ́n ti ń yẹ igi wò kọjá ni. Wọ́n ní ká má gbé igi kúrò lágbègbè yẹn mọ́ nítorí kòkòrò kan. Kòkòrò lásán-làsàn! Igi wo ni kòkòrò ò sí lára ẹ̀?"

Agégi dé ibẹ̀, ó ki ìṣó bọ abẹ́ èèpo ọ̀kan. Ìyẹ̀fun kúnná dà sí i lọ́wọ́.

"Ìyá wọn, èyí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Èèpo ṣì wà lára gbogbo ẹ̀."

"Bàbá wọn, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, a ó ti là wọ́n tán. Ta ló rí ọ̀pọ̀ tó sá fún un?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọjà tó bá pọ̀ tó yìí, ó ní ohun tóun náà ń sá fún." Ṣùgbọ́n kò bá a jà. Wọ́n já gẹdú náà sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, orí wọn kan ìlà àkọ́kọ́ nínú igi Bàbá.

Lọ́jọ́rú, ẹ̀rọ tó ń yí ayùn bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni wọ́n fi dúró de ohun tí wọ́n máa fi tún un ṣe, gẹdú náà sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀.

Bàbá ló kọ́kọ́ rí i. "Ìyàwó, igi iwájú yẹn ń pọ́n lórí. Òjò sì rọ̀ lánàá."

Onípákó lọ wò ó. Ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ ti lu ìdí igi náà jákèjádò, oje sì ṣù sí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan bí ikun imú ọmọdé. Ó fi etí lé èèpo. Kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ó dà bí ẹni pé ogunlọ́gọ̀ èèyàn pa ẹnu dé, wọ́n ń jẹun. Ó yí igbó náà ká, igi mẹ́sàn-án ló rí.

"Ká pe Aṣọ́gbó," ni ọkọ rẹ̀ wí. Aṣọ́gbó ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igi.

"Wọn ò ní bi wá níbi tí gẹdú ti wá? Wọn ò ní ti ilé ìlagi wa pa? Ọdún mẹ́ta péré ló kù kí igi yìí gbó. Ṣé kí n wá sọ fún Bàbá pé ká dáná sun mẹ́sàn-án nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn?"

"Bó bá ràn dé ọ̀dọ̀ Tíṣà ńkọ́?"

"Ẹ má jẹ́ kí Tíṣà gbọ́."

Ó ra oògùn apakòkòrò, ó ń fọ́n ọn sára igi lárààárọ̀. Òórùn oògùn náà mú un lọ́fun, ṣùgbọ́n abẹ́ èèpo ni kòkòrò wà. Bí ẹni ń fín oògùn ẹ̀fọn sára ògiri ìta ni, tí ẹ̀fọn wà nínú yàrá.

Kí oṣù tó parí, mẹ́sàn-án ti di àádọ́rin.

Láti ìgbà yẹn ni atẹ́gùn ti di ohun ẹ̀rù fún Onípákó. Bó bá ń sá aṣọ, etí rẹ̀ á wà ní igbó. Bí ẹ̀ka gbígbẹ kan bá já, àyà rẹ̀ á já pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ dé igbó mọ́, kò sì sọ ìdí. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà kí i láti òdìkejì ọgbà.

"Onípákó, igi yín ń wọ́wé o. Kí ló dé?"

"Ọ̀dá ni, sà."

"Ọ̀dá? Pẹ̀lú òjò yìí?" Tíṣà mi orí, ó kọjá lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìgégi. "Mo fẹ́ gé àwọn tó ti kú, kí wọ́n tó wó lu ọmọ ọlọ́mọ." Òun nìkan ló lọ, torí alágbàṣe á sọ ohun tó bá rí. Onípákó jókòó sílé ìlagi, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ náà bó ṣe ń ké. Lójijì, igi kan dún gbì. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó dúró kó tún ké. Kò ké.

Ó sáré. Bí ẹ̀rọ ṣe ń mi ìdí igi gbígbẹ kan ni orí rẹ̀ ṣẹ́ wálẹ̀, ó sì dábùú ìbàdí ọkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ìyá wọn, má sún mọ́ bí. Wo òkè."

Ó wòkè. Orí igi mìíràn ti tẹ̀, ó há sórí ẹ̀ka kan ṣoṣo, ó ń dún kẹ̀ẹ̀ẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ló wá sí i lẹ́nu.

"Tíṣà o! Ẹ gbà mí o!"

Tíṣà, bó ti dàgbà tó, fo ọgbà pẹ̀lú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́. Ó fi ọ̀pá gbé igi náà díẹ̀, Onípákó sì fa ọkọ rẹ̀ jáde ní apá. Wọn ò tíì rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tí orí igi òkè náà fi wó lulẹ̀ níbi tí wọ́n ti kúrò.

Dókítà ní egungun ìbàdí ti ṣẹ́. Yóò fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n kò ní gé igi mọ́ láyé.

Lọ́jọ́ kejì, Aṣọ́gbó dé, Tíṣà ló ránṣẹ́ pè é. Obìnrin kúkurú ni, ó fi àáké kékeré sígbàdí. Ó ṣí èèpo igi kan lójú gbogbo wọn. Ìdin funfun ń yí lábẹ́ rẹ̀, àwọn kòkòrò dúdú bí hóró ìrẹsì sì ń sá.

"Àjèjì ni kòkòrò yìí. Kò sí ẹyẹ tó mọ̀ ọ́n jẹ níbí. Lára gẹdú tí wọn ò tíì bó èèpo rẹ̀ ló ń wọlé. Ta ló gbé e wá?"

Onípákó wo Tíṣà, ó wo ilẹ̀.

"Èmi ni."

"Igi mélòó lẹ kọ́kọ́ rí?"

"Mẹ́sàn-án."

"Ká ní ẹ pè mí lọ́jọ́ yẹn, à bá gé mẹ́sàn-án yẹn àti ogún tó yí wọn ká. Ìjọba ló ń sanwó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. À bá bó èèpo wọn, à bá sun ún, ẹ̀ bá sì rí pákó wọn tà. Nísinsìnyí, gbogbo igbó yìí ló máa lọ." Ó na ọwọ́ sí àwọn igi. "Wọ́n tún fún pọ̀ jù. Ẹ ò dín wọn kù rí?"

Bàbá dáhùn fúnra rẹ̀. "Mo ní gbogbo igi ló jẹ́ owó."

"Bàbá, igi tó bá fún pọ̀ ń du omi mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni. Ẹni tí ebi ń pa kì í lè bá olè jà. Ká ní ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tà nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìyókù ì bá sanra, wọn ì bá sì lágbára láti fi oje lé kòkòrò jáde."

"Tèmi ńkọ́?" ni Tíṣà bi í.

"Ó ti wọ ogójì lára tiyín. A máa gé àádọ́ta ìṣísẹ̀ wọ inú igbó yín, sà."

Tíṣà kò pariwo. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, kò sì wọ̀ ọ́ mọ́. "Onípákó, mo bi yín. Ẹ ní ọ̀dá ni."

Ọjọ́ mẹ́fà ni ẹ̀rọ fi ké. Àwọn oníbàárà mọ̀ pé dandan ni títà náà, owó igi ìdáná ni wọ́n san. Ìjọba gba ìwé àṣẹ ilé ìlagi lọ́wọ́ wọn fún ọdún kan. Awakọ̀ tó já gẹdú kò tún gba ọ̀nà náà mọ́. Bàbá yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí ògiri. Tíṣà ṣì ń wá wo agégi lórí ibùsùn, ṣùgbọ́n bí Onípákó bá gbé omi wá fún un, á ní òùngbẹ ò gbẹ òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra igi, ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ̀yin tí ẹ ní igbó, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé gẹdú tàbí igi ìdáná tó ní èèpo láti ibi tí wọ́n ti fòfin dè é. Ẹ máa dín igi yín kù lásìkò. Bí orí igi kan bá ń pọ́n láìsí ọ̀dá, tí ẹ rí ihò wẹ́wẹ́ àti ìyẹ̀fun nídìí rẹ̀, ẹ má dá a gé, ẹ má sì dá wọ́n oògùn sí i. Ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ẹ jọ pààlà. Igi tó bá máa lọ lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kó lọ. Kòkòrò ò mọ ààlà, kì í sì í dúró de ẹni tó ṣì ń rò ó.