Jíìpù Tí Ọláwuyì Gbé Sókè

Tàù! Tàù! Tàù!

Ìbọn dún létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, gbogbo ilẹ̀kùn sì tì pa.

Òjò ti sọ ọ̀sán dalẹ́. Omi dé ìbàdí lójú títì, ibẹ̀ gan-an ni jíìpù Ọláwuyì dúró sí, ó ga fíofío, inú rẹ̀ gbẹ.

Ọláwuyì kò sọ̀kalẹ̀. Kì í sọ̀kalẹ̀! Inú ọkọ̀ ló jókòó sí, tó ń fi ìbọn júwe fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ méjì tó ń ru ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn apẹja sẹ́yìn jíìpù.

"Ẹ gbé e kíá! Ṣé ẹ ò jẹun ni?"

"Ọ̀gá, èyí tó kù yìí ti dípẹtà o."

"Ẹ fi pàǹtí yẹn sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n fi se ọbẹ̀!"

Japhet apẹja dọ̀bálẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹja rẹ̀, ó ń gbọ́. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta tí wọ́n kó yẹn ni òun àti àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ fi ń jẹun. Bí wọ́n bá lọ, ebi dé nìyẹn.

Àwọn èèyàn rò pé ìgbéraga ni kì í jẹ́ kí Ọláwuyì sọ̀kalẹ̀. Wonder, awakọ̀ rẹ̀, ló mọ òótọ́. Ayẹta wà ní ìbàdí ọ̀gá rẹ̀, ìbọn kì í ràn án, ṣùgbọ́n èèwọ̀ rẹ̀ ni pé àgbàrá ò gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ àgbàrá nìkan ni àwọn ọlọ́pàá kì í lè wọ Ìlàjẹ. Ìdí tó fi gbé jíìpù sókè nìyẹn: sípíríǹgì gígùn, táyà ràgàjì.

Fùùùù! Wọ́n gbéra, Wonder ṣẹ́ kọ́nà. Abẹ́ ọkọ̀ dáhùn: kọ́-kọ́-kọ́-kọ́!

"Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́ ṣáàfù yẹn? A gbé mọ́tò sókè, ṣáàfù tó ń yí táyà dẹ̀ wá dúró ní wíwọ́. Táyà tuntun yìí tún wúwo. Mo ti ní ká pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tó le."

"Ìwọ àti ṣáàfù ẹ! Mo ní kí wọ́n gbé mọ́tò sókè kẹ́sẹ̀ mi lè gbẹ. Ṣé ẹsẹ̀ mi tutù?"

"Rárá, ọ̀gá."

"Ó parí nìyẹn. Tẹná jàre!"

Wonder tẹná. Ó ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ ọlọ́ṣà, ta ni yóò fẹjọ́ ọ̀gá rẹ̀ sùn fún?

Wọ́n já sí títì Ladi-Lak, sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Hàà! Ọkọ̀ ọlọ́pàá ti dábùú títì!

Sájẹ́ǹtì Rọ̀kíbátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òjò ń ro lára fìlà rẹ̀. Gbogbo òjò ọdún yìí ló fi lé ọkùnrin yìí, omi ló sì máa ń dá a dúró. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò pariwo mọ́. Ó kàn na ìbọn.

Pàù! Dígí ẹ̀yìn fọ́ yángá.

"Padà sínú omi!" ni Ọláwuyì ké. "Wọn ò lè wọ̀ ọ́!"

Wonder ṣẹ́ ẹ dé góńgó, ó tẹná. Jíìpù bẹ́ padà sínú omi. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta wúwo lẹ́yìn, táyà ń bá omi jà, kọ́nà mìíràn tún wà níwájú. Kọ́-kọ́-kọ́-kọ́!

GBÀÀ!

Jíìpù ń ké, kò rìn mọ́. Ṣáàfù ti já. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjèèjì bẹ́ sómi, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Wonder! Pọ̀n mí!"

Wonder wo omi, ó wo ọ̀gá rẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí, ọ̀gá."

"Mo ní o pọ̀n mí!"

Wonder ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi, ó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá ti dúró létí omi. Sájẹ́ǹtì ti fẹ́ yí padà bíi ti àtẹ̀yìnwá nígbà tó gbọ́ ọ: tu-tu-tu-tu! Japhet ló ń bọ̀ lójú títì nínú ọkọ̀ ẹja rẹ̀, ẹ́ńjìnnì pàǹtí tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ń tì í bọ̀!

"Ẹ wọlé, màámi!"

Rọ̀kíbátù bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì sún mọ́ jíìpù. Ọláwuyì tapá sí ilẹ̀kùn, ó ṣí. Tàù! Tàù! Sájẹ́ǹtì àti Japhet dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ yìnbọn tiyín náà! Ọta ò lè ràn mí!"

Wonder kò kígbe. "Màdáàmù, ẹ má fọta ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí omi kan ẹsẹ̀ ẹ̀."

"Japhet," ni Sájẹ́ǹtì wí, "yí jíìpù yẹn po."

Tu-tu-tu-tu! Ìgbì àkọ́kọ́ lu etí ilẹ̀kùn. Ìkejì wọlé, Ọláwuyì fò sórí àga. Ìkẹta bá a níbẹ̀.

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ro tótó. Kò sẹ́ni tó yìnbọn fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ju ìbọn sómi.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáàmù, ẹ má yìn mí níbọn!"

"Ta ló ráyè?" ni Rọ̀kíbátù dáhùn, ó sì dè é lọ́wọ́.

Japhet fọwọ́ pa ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ dùn débi tó fi sunkún.

Nínú ọkọ̀ ẹja, Ọláwuyì jókòó ti awakọ̀ rẹ̀, omi ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì.

"Wonder, ká ní a pààrọ̀ ṣáàfù yẹn ńkọ́?"

Wonder di ojú.

"Mo sọ ọ́ títí ó fi sú mi, ọ̀gá."