Iṣu Ìdána Lábísí

Ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Afọ̀n ni Lábísí ti kọ́kọ́ rí Ayọ̀dàmọ́lá. Òun ló ń ti ẹ̀gẹ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ, omi ẹ̀gẹ́ sì ti ta sí i lára títí tí ìpéǹpéjú rẹ̀ fi funfun. Lábísí bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀rọ lẹ ń fún lóúnjẹ ni àbí ojú yín?"

"Ẹni tó bá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, òun ló máa gbẹ̀yìn."

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ Lábísí ló kọ́kọ́ lọ̀. Nígbà tí àwọn ìyá tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ pariwo, ó ní kí wọ́n má bínú, ìyàwó òun ni. Kí oṣù yẹn tó parí, irọ́ náà ti ń di òótọ́.

Ìlárá ni Dàmọ́lá ti wá. Ó ní oko níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló máa ń bá wọn lọ ẹ̀gẹ́ ní Afọ̀n. Bàbá Lábísí kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí bàbá yìí bá ti sọ, abẹ gé e.

"Mi ò béèrè owó," ni Bàbá wí. "Àmọ́ iṣu ìdána tí wọ́n rà lọ́jà kò ní wọ ilé mi. Nílé tiwa, ọwọ́ ọkọ ló ń gbin iṣu ìyàwó."

Dàmọ́lá rẹ́rìn-ín. Ta ló ń fi iṣu dẹ́rù ba àgbẹ̀?

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún náà. Dàmọ́lá fẹ́ sáré lọ gbin èbù rẹ̀ ní Ìlárá, Lábísí ló dá a dúró.

"Olówó orí mi, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún Bàbá ná. Bí ẹ bá kọ ebè fún wọn báyìí tí ilẹ̀ rọ̀, kò sóhun tí wọ́n máa lè fi dù ẹ́ mọ́."

"Oko tèmi ńkọ́?"

"Ṣé òjò kò ní rọ̀ mọ́ ni?"

Ó gbà, torí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ ebè, wọ́n kọrin, wọ́n yẹ̀yẹ́ ara wọn. Nígbà tí èbù Bàbá kò tó, Dàmọ́lá gbé nínú tirẹ̀ kún un. Ìgbà tó fi dé oko ara rẹ̀ láti gbin èyí tó kù, ilẹ̀ ti ń le.

Òjò kò rọ̀ mọ́. Ojú ọ̀run á ṣú lápá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lẹ́yìn ẹnubodè, gbogbo ìlú á máa wòkè, atẹ́gùn á sì kó o lọ. Ọ̀dá náà gùn débi pé èbù jóná nínú ebè. Lábísí fọwọ́ hú ọ̀kan ní Ìlárá, ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà.

"Èmi ni mo fà á," ló wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ kọ́ lo ni òjò, Àyànfẹ́."

Rédíò ń sọ pé káàkiri ayé ló rí bẹ́ẹ̀, pé oòrùn ń jó oko àwọn kan, omi ń gbé ilé àwọn mìíràn lọ. Bàbá pa rédíò náà.

"Ṣé ìyẹn á mú iṣu ta?"

Òjò wá dé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀ mọ́. Ó rọ̀ tọ̀sán-tòru, ó gbá ìwọ̀nba iṣu tó kù lóko Bàbá lọ sódò, ó sì wó ilé alámọ̀ ìyá Dàmọ́lá ní Ìlárá. Ìgbà yẹn ni Dàmọ́lá ránṣẹ́ sí Lábísí pé òun ń lọ ṣe lébìrà ní Kútọnu.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, Bàbá pe ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Sáré lọ bá a ní gáréèjì. Sọ fún un pé mi ò béèrè iṣu mọ́. Kó máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo."

Lábísí kò rántí wọ bàtà. Ó bá Dàmọ́lá nínú ọkọ̀, àpò rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Sọ̀kalẹ̀! Bàbá ti gbà! Wọn ò fẹ́ iṣu kankan mọ́!"

Dàmọ́lá wò ó títí. "Ó ti pẹ́ jù, ìfẹ́ mi."

"Kí ló pẹ́? Èmi rèé."

"Iṣu ìdána nìkan kọ́ ló jóná. Oúnjẹ wa ló jóná, èbù ọdún tó ń bọ̀ náà sì jóná. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni Màmá mi ń sùn. Ibo ni mo fẹ́ mú ẹ lọ?"

"Mi ò béèrè ilé lọ́wọ́ rẹ. A ó jọ jìyà ni."

"Ebi á mú kí o kórìíra mi, Lábísí. Ìyẹn ni mi ò ní lè fara dà. Bí ẹlòmíì bá wá, má dúró dè mí."

"Ìkà ni ẹ́," ló wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú fèrèsé títí ọkọ̀ fi gbéra.

Nígbà tó délé, Bàbá ti gbá iwájú ilé, ó ti gbé àga síta de àlejò.

"Ó ti sọ̀kalẹ̀, àbí? Ọjọ́ wo làwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀?"

Lábísí wo bàbá rẹ̀, ó rí bó ṣe gbẹ tó láàárín ọdún kan. Kò lè sọ òótọ́ fún un.

"Wọ́n ní lẹ́yìn ìkórè ni, Bàbá."

Bàbá kọ́kọ́ mi orí pé ó dára. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọ̀nà oko.

"Ìkórè wo, ọmọ mi?"

Lábísí jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó sì sunkún.