Abọ́ Tí A Ń Dé fún Àwọn Ọkọ Wa

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà mí gbọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ojú mi yìí ló rí i, ọwọ́ mi yìí ló sì ṣí abọ́ náà. Arúgbó ni mí lónìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo lè ru apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ láti oko délé láìsinmi. Orí mi pé. Orí Delphine, ọ̀rẹ́ mi, náà pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ràn ẹ̀rín ju oúnjẹ lọ.

Ìfànyìn ni, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe orílẹ̀-èdè wa ní Dahomé. Òmìnira ṣì tuntun. Àwọn ọmọ iléèwé ṣì ń kọrin rẹ̀ kiri ojú ọ̀nà. Lódìkejì ẹnubodè, ní Nàìjíríà, ogun Bìáfírà ti bẹ́ sílẹ̀. Ọkọ mi, Ògúnrìndé, àti Victorin, ọkọ Delphine, ti lọ ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Abẹ́òkúta kí ogun tó dé. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré. Nígbà tí wọ́n ń wá ọmọ ogun kiri, àwọn méjèèjì wọ iṣẹ́ sójà lọ́jọ́ kan náà. Ta ni yóò mọ̀ pé ará Dahomé ni wọ́n? Èdè kan náà ni gbogbo wa ń sọ. Ẹnìkan tó ti Abẹ́òkúta dé ló wá sọ fún wa. Láti ọjọ́ náà, a kò gbúròó wọn mọ́.

Bí iṣẹ́ ọkùnrin ṣe bọ́ sí wa lọ́rùn nìyẹn. Àwa là ń tu ẹ̀gẹ́, àwa là ń la igi, àwa là ń gbé òkúta lé àpò kí omi ẹ̀gẹ́ lè ro dànù. Ẹbu gàrí wa, níbi tí a ti ń ṣe gàrí, wà láàárín ilé tiwa àti ilé Delphine. Imọ̀ ọ̀pẹ ni òrùlé rẹ̀, kò sì ní ògiri. Ará Lagbé ni mí, ará Daagbé ni Delphine. Ilé ọkọ ló sọ wá di aládùúgbò, ogun ló sọ wá di ọ̀rẹ́. Ká tó mọ̀, kò sẹ́ni tó lè dá ṣiṣẹ́ mọ́ nínú wa. Bí mo bá ń bó ẹ̀gẹ́, òun ni yóò rin ín. Bí òun bá ń yan gàrí, èmi ni yóò máa koná.

Mo fẹ́ràn ìgbà yẹn. Ó lè yani lẹ́nu, nítorí ìbẹ̀rù kò kúrò láyà wa. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí òórùn gàrí yíyan bá kàn mí nímú, Delphine ni mo máa ń rí, ìró tó lọ́ mọ́yà, èéfín lójú, tó ń pariwo orin lé agbada lórí. Kò mọ orin kọ rárá. Orin kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ gan-an ló fi ń pe ọkọ rẹ̀, bí àwọn tó gba iléèwé Fadá kọjá ṣe ń ṣe, ìyá ọkọ mi á sì ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́.

Àwọn alájàpá máa ń ti Ìgólò, létí ẹnubodè, wá ra gàrí wa lọ sódìkejì. Wọ́n ní àwọn sójà ló ń jẹ ẹ́. Látìgbà tí Delphine ti gbọ́ ìyẹn, kì í di ẹnu àpò kan láìsọ̀rọ̀ sí i.

"Jẹ ẹ́ o, Victorin. Má jẹ́ kí Bàbá Honoré jẹ ẹ́ tán."

Honoré ni àkọ́bí mi. Ọkọ tèmi ló ń bá wí.

"Tó bá jẹ́ ọ̀tá wọn ló jẹ ẹ́ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kó jẹ ẹ́. Ìyá kan ló bí òun náà. Bon, ó dáa, gbé asẹ́ wá, ọ̀rọ̀ rẹ ti pọ̀ jù."

Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń dé oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn ọkọ wa. Ìyá ọkọ mi, Àbẹ̀ní, ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a má ṣe jẹ́ kí abọ́ wọn ṣófo, kó má baà dà bí ẹni pé a ti gbàgbé wọn. Orí pẹpẹ nínú ẹbu là ń gbé e sí, níbi tí àwọn méjèèjì ti máa ń jẹun pọ̀ tẹ́lẹ̀. Abọ́ Victorin funfun. Ti Ògúnrìndé ní ìlà búlúù létí. A ó fi ọmọrí dé wọn, a ó sì gbé òkúta lé ọmọrí nítorí ajá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó pín oúnjẹ náà fún àwọn ọmọ.

Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Òwúrọ̀ ni. Kùrukùru bo orí ọ̀pẹ. Delphine ti dé ẹbu ṣáájú mi. Kò kọrin. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ṣe.

"Àbẹ̀bí. Wá," ló fi orúkọ pè mí.

Òkúta wà lórí ọmọrí bí a ṣe gbé e. Ó gbé òkúta kúrò, ó ṣí abọ́ funfun. Ó mọ́ tónítóní. Ẹ̀wà tán, epo tán, gàrí tí a wọ́n sí i lórí tán. Abọ́ ọkọ tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kún bó ṣe wà.

"Ajá ni," ni mo wí.

"Ajá ló gbé òkúta, tó tún gbé e padà?"

"Àwọn ọmọ nígbà náà."

Ó gbé abọ́ náà mọ́ àyà. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán.

"Victorin ni. Ebi ń pa á lọ́nà. Ẹni tí ebi ń pa, ó wà láàyè, àbí?"

Mo bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n mo wo abọ́ tèmi tó kún, inú mi bàjẹ́. Mo ń jowú abọ́ òfìfo.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Abọ́ Victorin nìkan ni. Delphine ń kọrin, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkọ mi ti rí oúnjẹ tó dùn ju tèmi lọ. Ìyá ọkọ mi gbọ́ ariwo wa. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Ó pè wá sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ̀yin ìyàwó mi, ẹ ń yọ̀?"

"A ń yọ̀, Ìyá."

"Ẹni tó ń jẹun níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé, irú ẹni wo nìyẹn?"

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fọwọ́ wá ẹní rẹ̀, ó jókòó.

Gàrí jóná mọ́ Delphine lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Kò tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀. Èmi ńkọ́? Abọ́ tó kún, tó ń bà mí nínú jẹ́, ti di ìtùnú mi lójijì, ojú sì tì mí pé ibi tí ọ̀rẹ́ mi ti ń rí ikú ni èmi ti ń rí ìtùnú. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún wa èyí tó jẹ́ òótọ́. Bóyá ẹni tó ń jẹun ló wà láàyè. Bóyá ẹni tí kò jẹun ni. Bí ọ̀kan nínú wa bá ń nírètí, ìrètí èkejì ń kú nìyẹn. Mo rí i pé bí a bá ń bá a lọ báyìí, a ó kórìíra ara wa.

"Ká bù ún pọ̀," ni mo wí.

"Kí ni?"

"Oúnjẹ wọn. Sínú abọ́ kan. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, kó jẹ́ ti àwa méjèèjì. Ká má mọ ẹni tó jẹ́ mọ́."

Omi dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ gbé abọ́ ńlá tó gbé wálé ọkọ, tánńganran aláwọ̀ ewé, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e sórí pẹpẹ.

Láti ìgbà náà, ìdajì là ń bá láàárọ̀. Ẹni náà yóò jẹ ìdajì, kò ní fọwọ́ kan ìdajì kejì. Ó máa ń gún régé láàárín, bí oko tí ènìyàn ro dé ààlà. Ẹni tó mọ̀ pé ẹlòmíràn kò tíì jẹun ló ń jẹun bẹ́ẹ̀. A kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. A ó pín ìdajì tó kù fún àwọn ọmọ, a ó fọ abọ́, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ kan, a gbọ́ ọ. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. A jókòó, a ń sẹ́ ẹ̀gẹ́, a kẹ̀yìn sí pẹpẹ. Ewúrẹ́ kan ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ààrò. Ó gbórí sókè, ó sì lọ. Àwọn kòkòrò inú koríko dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ìró. Jẹ́jẹ́ báyìí. Ìka lára tánńganran. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ọmọrí.

Mo fẹ́ yíjú padà. Delphine di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Má wò ó."

"Jẹ́ kí n mọ ẹni tó jẹ́."

"Tí a bá wò ó, ojú á tì í. Jẹ́ kó jẹun."

A kò wò ó. À ń sẹ́ ẹ̀gẹ́ lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé eyín mi ń kọlu ara wọn. Síbẹ̀, inú mi dùn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìró ọkùnrin tó ń jẹun lẹ́yìn mi, tí mo sì ń ṣiṣẹ́ mi lọ.

Ogun parí. Àwọn alájàpá ló mú ìròyìn rẹ̀ wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ògúnrìndé gba ọ̀nà Ìgólò wọlé. Òun nìkan. Ó ti rù, àpá kan wà lọ́rùn rẹ̀. Ó pe orúkọ mi. Ó dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀, ó bèèrè igi ọsàn tó gbìn kó tó lọ. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ pa á lójú, ó pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó tún pa á lójú.

"Ẹ káàbọ̀ o," ló sọ fún ọmọ rẹ̀, bí ẹni ń kí àlejò. Mo ní ogbó ni.

Delphine dúró lẹ́nu ọ̀nà, gàrí ṣì wà lápá rẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Honoré. Victorin ńkọ́?"

"A pínyà létí odò kan."

"Ó wà láàyè?"

"Mo fi í sílẹ̀ níbi tó jókòó sí. Ó ní kí n máa lọ."

Delphine sún mọ́ ọn. "Ebi ò pa yín níbẹ̀?"

Ọkọ mi ronú sí i.

"Ebi pa èmi gan-an. Victorin kì í sọ pé ebi ń pa òun. Mi ò mọ ibi tó ti ń jẹun."

Èmi àti Delphine kò wo ara wa.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ mi ti jẹun, tó ti dùbúlẹ̀, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi nínú ẹbu. Ó ń bu ẹ̀wà sínú abọ́ ńlá. Ó bù ú kún dé etí.

"Bàbá Honoré ti dé," ni mo rọra sọ. "Ti ẹnìkan ló kù."

"Ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bu ti ẹnìkan mọ́."

Ó dé e, ó gbé òkúta lé e. Àwa méjèèjì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Tí abọ́ náà bá wà bó ṣe wà láàárọ̀, a jẹ́ pé Victorin ti lọ pátápátá. Tí ìdajì bá lọ, a jẹ́ pé ó ṣì wà níbì kan, ó ṣì ń rántí ilé. Ìdajì ni mo bẹ Ọlọ́run fún. Mo bẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ fún ọkọ tèmi.

Ilẹ̀ mọ́. Ọyẹ́ mú. Delphine dúró níwájú pẹpẹ, ó ká ọwọ́ mọ́ra.

"Ìwọ ṣí i. Èmi ò lè ṣí i."

Òkúta wà lórí rẹ̀. Mo gbé e kúrò. Mo ṣí ọmọrí.

Kò sí ìdajì. Abọ́ náà mọ́ láti etí dé etí. Ìdajì Victorin ti lọ. Ìdajì kejì náà ti lọ, ìdajì Ògúnrìndé, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí kí ilẹ̀ tó mọ́.

Delphine wo abọ́. Ó wò mí. Ta wá ló sùn nínú ilé mi? Àánú mi ló kún ojú rẹ̀, lọ́jọ́ tó yẹ kó yọ̀.

Ohùn ọkọ mi jáde láti inú ilé.

"Àbẹ̀bí? Níbo lo wà?"

Ohùn rẹ̀ ni. Kò sí bí mo ṣe lè ṣì í gbọ́.

Delphine ti gbé abọ́ sínú omi, ó ń fọ̀ ọ́.

"Dá a lóhùn," ló wí. "Má jẹ́ kó pè ọ́ pẹ́."

Mo dá a lóhùn. Mo sì bá a gbé títí ó fi darúgbó, tó fi kú. Ọkọ rere ni. Mo bímọ sí i fún un, kò lù mí rí, kò sì jẹ́ kí n dá lọ sóko mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo jìyà.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a bá abọ́ náà ní òfìfo, nígbà tó ti jẹun yó níwájú mi, mo bu ẹ̀wà mìíràn. Mo fi ẹja gbígbẹ sí i, bí Ògúnrìndé ṣe fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Mo gbé e lọ sí ẹbu. Delphine ti ṣí abọ́, ó ti bu ti ọkọ rẹ̀ sí ìdajì kan, ó sì ń dúró dè mí.