Àwọn Méje Tí Kò Rí Ẹni Jí Wọn

Òjò ń rọ̀ ní Ikate lọ́jọ́ tí Mikail kọ́kọ́ rí Bàṣírát. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni obìnrin náà jókòó sí, ó tẹ orí ba ìwé, ó ń ya òbìrí méje tó fara mọ́ra.

"Àǹtí, ṣé àgbálùmọ̀ lẹ ń yà ni?"

"Ẹ fẹ́ rà ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Prótéènì ni. Méje ló so kọ́ra nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Àwọn ló ń mú kí okùn inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní áktínì yọ ẹ̀ka, tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rìn lọ bá àrùn. Ṣùgbọ́n oorun ni wọ́n ń sùn títí ẹ̀kẹjọ á fi wá jí wọn."

"Bí ẹ̀kẹjọ ò bá wá ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Sẹ́ẹ̀lì ò ní lè lọ."

Káfíńtà ni Mikail. Kò lóye gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá a sọ̀kalẹ̀ ní Ilasan tí kì í ṣe ibi tó ń lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ra, ìyá Mikail gba ìwé jẹnótáìpù àwọn méjèèjì. AA ni. "Alihamudulilahi! Ọ̀rọ̀ parí."

Ọ̀rọ̀ ò parí. Bàṣírát bá Mikail ní ṣọ́ọ̀bù.

"Habeeb àti Ìdírísù, àwọn àbúrò mi tó kú, ẹ̀kẹjọ yẹn ni kò sí lára wọn. Wọ́n máa ń ṣẹ̀jẹ̀, gbogbo àrùn ló ń borí wọn. Mo ti ṣàyẹ̀wò. Mo gbé àbùkù náà sára, àmọ́ ọkùnrin ló máa ń ṣe. Nínú ọmọkùnrin méjì tí mo bá bí, ọ̀kan lè rí bíi tiwọn. Ìwé AA ò lè sọ ìyẹn."

Nígbà tí ìyá Mikail gbọ́, ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo bí. Mi ò ní bá ẹ sin ọmọ."

Fún ọjọ́ mọ́kànlá Mikail kò yọjú. Ní ọjọ́ kejìlá, ó dé ilé Bàṣírát ní Addo. "Mú mi lọ síbi tí wọ́n wà."

Òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Bàṣírát nìkan ló mọ̀ ọ́n nílé wọn. Òkìtì kékeré méjì ni, koríko ti bò wọ́n.

"Bàṣírát mi, ẹ̀rù ń bà mí."

"Máa lọ nígbà náà. Mi ò ní bínú."

"Màámi ti búra pé àwọn ò ní wá síbi yìgì wa. Bóyá a ó bímọ, bóyá a ò ní bí, mi ò mọ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́."

"Tó bá jẹ́ ọkùnrin, tó sì ń ṣàìsàn ńkọ́?"

"A jọ máa gbé e ni."

 Bàṣírát lóṣòó, ó ń fa koríko orí sàréè Ìdírísù. Mikail lóṣòó síbi ti Habeeb, òun náà ń fa koríko.