Káàdì Tí Yíǹkì Rẹ̀ Kò Tíì Gbẹ

Yíǹkì tó wà lára káàdì kejì kò tíì gbẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Alákìísà fi àkísà gbígbẹ nu ún bó ṣe máa ń nu gbogbo wọn láràárọ̀, àfi bí àkísà ṣe yọ àwọ̀ ewé. Ó wo àkísà, ó wo káàdì, ó gbé e sí imú. Yíǹkì tútù ni. Ta ló wá jókòó kọ̀wé nínú yàrá tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò kúrò lọ́rùn òun láti àná?

Ilé iṣẹ́ rédíò ni ibẹ̀, yàrá tí wọ́n ń kó àwo orin sí sì ni yàrá náà. Láti ilẹ̀ dé àjà, àwo ni ṣáá, dúdú, róbótó, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò tirẹ̀. Iṣẹ́ ìyá yìí ni kó máa nu eruku wọn. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ṣe é, àkísà kì í sì í kúrò léjìká rẹ̀ òsì, bí orúkọ yẹn ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Kò bínú sí i. Ó ní orúkọ tí kì í jẹ́ kí eruku sún mọ́ni, orúkọ rere ni.

Àpótí gígùn kan wà lórí tábìlì yàrá náà, àpótí ọjọ́ìbí ni wọ́n ń pè é. Olórin tí àwo rẹ̀ bá ti wà nínú ilé, ó ní káàdì kan níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n láti oṣù dé oṣù, ọjọ́ dé ọjọ́. Káàdì á sọ ìgbà tí wọ́n bí i, á sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ orin àti ibi tí orin gbé e dé. Bí ó bá ti kú, ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá á sọ ọjọ́ náà. Ìyá Alákìísà á yọ ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láago mẹ́sàn-án, á nù wọ́n, á gbé wọn lọ fún Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì, ẹni tó máa ń kà wọ́n lórí afẹ́fẹ́ láago mẹ́wàá. Bó bá ka káàdì kan tán, á gbé àwo olórin náà sí i. Lónìí, onífèrè jáàsì. Lọ́la, ẹni tó ń ta gìtá kọ́ńtìrì, tó ń sunkún ẹṣin àti ọ̀nà jíjìn. Lọ́túnla, ọmọdé kan báyìí tí orin rẹ̀ gbòde tí àgbàlagbà kankan ò gbọ́ ohun tó ń wí.

Òfin kan ṣoṣo ló wà: bí kò bá sí àwo, a kì í ka káàdì.

Bàbá Àwo, tó ń bójú tó yàrá náà nígbà ayé rẹ̀, ló fi òfin náà lélẹ̀. Bàbá Àwo ló kọ gbogbo káàdì wọ̀nyẹn pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ ewé, lẹ́tà rẹ̀ a sì máa fẹ̀yìn tì bí ẹni tí atẹ́gùn ń kọjú sí. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ojú àlàfo yẹn ló máa ń gbà súfèé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe láyé rẹ̀. Ó kọ ọjọ́ ikú sára káàdì onífèrè kan tó wà láàyè, ọjọ́ tí kò tilẹ̀ tíì dé. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ò wò ó dáadáa, ó fi ohùn arò kà á. Kí àwo tó yí tán, fóònù dún.

"Ẹ n lẹ́ o," ni ẹni náà wí. "Èmi òkú ni. Oúnjẹ ni mò ń jẹ lọ́wọ́ o, ṣé kí n dá a dúró ni àbí kí n jẹ ẹ́ tán?"

Wọ́n fi rẹ́rìn-ín fún odidi ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ tó wà lára káàdì pé, onífèrè náà jẹun tán, ó nà gbalaja, kò dìde mọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Láti ìgbà náà ni Ìyá Alákìísà ti mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá kà ní yàrá yẹn, ó ń dé ibì kan, wọ́n sì ń gbọ́ ọ níbẹ̀.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Bàbá Àwo fúnra rẹ̀ ti lọ. Ìyá Alákìísà ló fi ìgò yíǹkì rẹ̀ sínú pósí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Òun náà ló yọ fóònù rẹ̀ dúdú kúrò lára ògiri, tó ká wáyà mọ́ ọn lára bí ìgbà tí èèyàn di òwú, tó gbé e sórí pẹpẹ.

Ọkàn ìyá ò tilẹ̀ sí lára iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti ń rọbí láti ọ̀sán àná. Òun ni ì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ló lé e. Wọ́n ní ó ti nu gbogbo bẹ́ẹ̀dì, ó ti nu fèrèsé, ó ti fẹ́ nu ojú dókítà.

"Màmá, ẹ lọ síbi iṣẹ́ yín," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí. "Bí ẹ bá dúró, ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ gbẹ̀bí fún."

Ó gbé káàdì náà sún mọ́ fèrèsé. Kíláàsì mẹ́ta péré ló kà nílé ìwé, ìka ló fi ń ti lẹ́tà lọ bí ẹni ń da àgùntàn. Ó fi ìka tì í, ètè rẹ̀ ń mì.

*Ohùn Òwúrọ̀. Olórin. A bí i lónìí, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ ọmọbìnrin tó máa ń sùn sábẹ́ tábìlì.*

Ìka rẹ̀ dúró. Tábìlì tó fìdí tì yìí ni. Abẹ́ rẹ̀ ni ọmọbìnrin òun máa ń sùn sí nígbà tó wà ní kékeré, tí kò sẹ́ni tí òun lè fi í tì nílé. Ta ló tún mọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé, àfi òun àti Bàbá Àwo?

*Kò sunkún títí wọ́n fi ka orúkọ rẹ̀ lórí rédíò. Ó bẹ̀rẹ̀ jáàsì ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ta gìtá, ó kọ kọ́ńtìrì ní ìlú mẹ́rìnlélógójì. Orin rẹ̀ tó gbòde jù lọ ni èyí tó fi bú ìyá ìyá rẹ̀ lórí àkísà.*

Ìyá Alákìísà rẹ́rìn-ín láìmọ̀. "Ọmọ burúkú," ló wí, ojú rẹ̀ kún fómi. Ó ti ìka lọ sí ìlà tó kù nísàlẹ̀ pátápátá.

*Ó kú ní*

Kò gbé ìka kúrò. Ọjọ́ náà wà lábẹ́ ìka rẹ̀, ó tutù rinrin bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́.

Kì í ṣe obìnrin tó ń pẹ́ ronú. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kì í fo ọ̀rọ̀: bí wọ́n bá kọ "ẹ kí ìyá yín" sẹ́yìn káàdì, á kà á. Bí ó bá sì ti kà á, ó parí. Ìyá nawọ́ sí àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé tépù, ó yíjú sí ògiri kó má bàa rí i, ó gé ìlà náà kúrò gbáà. Ta ló máa wá jù ú síbi tí ẹlòmíì á ti mú un kà? Wọ́n ò sì gba iná láàyè ní yàrá àwo. Ó jù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ó korò díẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló wọlé tọ Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Orin àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́.

"Màmá, àwo èyí dà?"

"Ó ń bọ̀."

"Ó ń bọ̀ láti ibo? Ó wọkọ̀ ni?" Ó gba káàdì, ó wò ó. Ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó wà nínú ilé àìsàn. "Màmá. Ọwọ́ ta nìyí?"

"O mọ ọwọ́ ẹni tí í ṣe."

"Yíǹkì yìí tutù."

"Mo mọ̀. Ó ti ba àkísà mi jẹ́. Kà á."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sún àga sẹ́yìn. "Èmi? Mo láya, mo lọ́mọ. Èmi ò bá ẹni tó ti sùn ṣe ètò. Bó bá wù yín, ẹ jókòó kẹ́ ẹ kà á fúnra yín!"

Àwàdà ló pe ìyẹn. Kó tó pa ẹnu dé, ìyá ti jókòó. Ó fi àkísà nu gbohùngbohùn yípo, tórí ó ti pẹ́ tí itọ́ tó máa ń wà lára rẹ̀ ti ń bí i nínú, ó tẹ́ káàdì sílẹ̀, ó gbé ìka lé e.

Àwọn tó gbọ́ ètò lọ́jọ́ náà ò lè gbàgbé. Ọ̀rọ̀ kan, ìdákẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan, ìdákẹ́jẹ́. "Ohùn... Òwúrọ̀. Olórin." Ohùn ìyá arúgbó kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó kà á délẹ̀, kò fo ibi àkísà pàápàá. Nígbà tó gbé ojú sókè, aago ògiri fi ìṣẹ́jú ogún hàn.

Kò sí àwo. Ẹ̀rọ ń yí lásán. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ káwọ́ lérí. Gbogbo ìlú ń gbọ́ òfìfo.

Nígbà náà ni fóònù dún ní yàrá àwo.

Ìyá dìde lọ. Fóònù dúdú ló ń dún lórí pẹpẹ, wáyà ṣì wà ní kíká mọ́ ọn lára, bó ṣe ká a lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó gbé e sétí. Ẹnì kan ń súfèé níbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gba ojú àlàfo eyín.

 Fóònù tí kò so mọ́ nǹkan kan, ó rọrùn láti gbé. Ó há a sí abíyá, ó gbé e wá síwájú gbohùngbohùn, ó sì na etí fóònù sí i.

Ìsúfèé náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ tuntun ké.

Háà, ẹ̀yin èèyàn! Igbe tó gún bí abẹ́rẹ́, tó dún bí fèrè! Ó jáde nínú rédíò tó wà nínú ọkọ̀, nínú ilé ìgẹrun, nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Àwọn awakọ̀ ń tẹ fèrè ọkọ̀ láìmọ ìdí. Onígbàjámọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í jó, abẹ rẹ̀ lókè, oníbàárà rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ gbọ́ àwo rẹ̀ àkọ́kọ́! Ẹ gbọ́ ọ!"

Ìyá Alákìísà ò tilẹ̀ bọ́ ṣúúsì iṣẹ́ kó tó sáré dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì àgbà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbá a mọ́ra.

"Màmá, obìnrin ni! Ó jáde láìmí, àwọ̀ rẹ̀ ti ń yí. Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá yín tó ní kí n yí rédíò sókè. Bẹ́ ẹ ṣe pe orúkọ yẹn báyìí, ọmọ la ẹnu!"

"Bàbá mi wo?"

"Èyí tó jókòó síbi orí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀. Tí eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, tó ń súfèé. Mo tiẹ̀ bá a wí. Ọwọ́ rẹ̀ ń kun aṣọ bẹ́ẹ̀dì wa ní àwọ̀ ewé." Nọ́ọ̀sì bojú wẹ̀yìn. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni."

Àmì ìka márùn-ún wà lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì lóòótọ́, àwọ̀ ewé, tútù. Ọmọbìnrin rẹ̀ rí ibi tó ń wò, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ọmọ wà láyà rẹ̀.

"Màmi, ẹ má bẹ̀rù. Ó ti sọ ọ́ fún mi láti kékeré, lábẹ́ tábìlì. Ó ní, 'Bí o bá bímọ, èmi ni mo máa kọ káàdì rẹ̀.' Mo rò pé eré ló ń ṣe."

"Bàbá yẹn ò mọ eré ṣe," ni ìyá wí, ó sì gba ọmọ.

"Kí ló ṣe yín lẹ́nu? Ahọ́n yín ti di ewé."

"Oúnjẹ àárọ̀ ni."

Ọmọ náà ti pé ọdún méje báyìí. Kò sáàyè ìdákẹ́jẹ́ nílé wọn mọ́: ó ń kọrin bó bá ń wẹ̀, ó ń kọrin bó bá ń jẹun, ó ti gbé gìtá aláìlókùn kan tí kò fẹ́ gbé sílẹ̀. Bí ọjọ́ìbí rẹ̀ bá pé, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á ka káàdì rẹ̀, á gbé igbe àkọ́kọ́ yẹn tí wọ́n gbà sórí tépù sí i, gbogbo ìlú á sì tún jó. Ahọ́n ìyá ìyá rẹ̀ ò tíì padà sí àwọ̀ rẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Lọ́dọọdún, ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí Ìyá Alákìísà bá fa káàdì náà yọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti hù padà, ní ìwọ̀n èékánná kan. Á mọ́ tónítóní, àfi òjìji àwọ̀ ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí ìwé ń rántí nǹkan. Ìyá kì í dúró kó rántí tán. Ó ti ní àlùmọ́gàjí tirẹ̀.

Lọ́dún yìí, ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí yàrá àwo, ó tilẹ̀kùn. Ó ní orúnkún ti ń dun òun, eyín òun sì ti ń dín. Ó fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka bo ìlà náà láìwò ó, bí wọ́n ṣe ń gé e gbáà. Ọmọbìnrin náà gé e. Ó mú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ náà dání. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọmọ ń kọrin, ẹnì kan sì ń súfèé gbè é.

"Má dúró gbọ́ wọn," ni Ìyá Alákìísà wí, ó na ife omi sí i. "Jẹ ẹ́. Kò korò tó bẹ́ẹ̀."