Bàbá Ẹ́ńjìnì Fẹ́ Fojú Ara Rẹ̀ Rí I

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. Aránṣọ jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, òwú wà lẹ́nu rẹ̀, ó na fóònù sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo ọkọ̀ ojú omi yìí. Ẹ wo bó ṣe ń dán!"

Bàbá wá awò ojú rẹ̀, ó fi sójú. Bàbá Ẹ́ńjìnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sókè odò. Kò wo ọkọ̀ náà pẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ nínú àwòrán ló ń wò: àpáta gíga kan, tí omi funfun ń dà sílẹ̀ láti orí rẹ̀.

"Ibẹ̀ nìyẹn," ó ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ní gbogbo ọdún tí Bàbá fi ṣiṣẹ́, ọkọ̀ wọn ń gba ìdí àpáta yìí kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, síbẹ̀ kò rí i rí. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló wà, níbi tí kò sí fèrèsé. Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ á lu agogo lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá á sì dín eré ẹ́ńjìnì kù. Lẹ́yìn náà ni yóò máa gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èrò lókè orí rẹ̀, gìrìgìrì, tí wọ́n ń sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti wòran. Ìró ẹsẹ̀ yẹn nìkan ló mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ bá ọkọ̀ náà lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní omi náà dà bí ìgbà tí èèyàn ń tú ìdì aṣọ funfun sílẹ̀ láti òkè, tí aṣọ náà ò tán. "Tí ẹ bá fẹ̀yìn tì, a ó jọ lọ wò ó," ló máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́ta kí Bàbá fẹ̀yìn tì nígbà tí ikú mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, àárò àpáta yìí àti àárò ìyàwó ti di ọ̀kan náà lọ́kàn ọkùnrin yìí. Bó bá ní, "Mo fẹ́ lọ wo omi yẹn," gbogbo ilé ló mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí.

Kí wá ni ìṣòro? Orúnkún ni. Àtẹ̀gùn mẹ́rin péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, Bàbá á dúró sinmi lórí èkejì, á ní ojú ọjọ́ lòun ń wò. Ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn.

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fọ́ọ̀mù lórí fóònù láti gba àyè fún àwọn méjèèjì nínú ọkọ̀ náà. Ó kà á sókè: "Ṣé ẹnikẹ́ni wà nínú yín tí ìrìn tàbí àtẹ̀gùn ń nira fún?"

"Kọ rárá," Bàbá dáhùn.

"Orúnkún yín ńkọ́?"

"Mo ní kọ rárá! Èmi? Kí n máa fi ẹjọ́ ẹsẹ̀ sun ọkọ̀ ojú omi? Kí àwọn tó mọ̀ mí ní èbúté máa fi mí rẹ́rìn-ín? Inú ọkọ̀ ni mo hu ewú sí o."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó kọ rárá. Òun náà rò ó pé, ta ni yóò kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀? Ibi tí wọ́n ti ṣìnà nìyẹn.

Ọjọ́ ìrìnàjò pé. Odò ti fà lọ́sẹ̀ náà, afárá kékeré tí wọ́n ń gbà wọ ọkọ̀ sì dà gẹ̀rẹ́. Ọkùnrin méjì ló di Bàbá lápá mú kó tó wọlé. Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ òógùn ti bò ó.

"Níbo la ti ń wo àpáta náà?" ó bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan.

"Àjà kẹta, Bàbá. Ẹ gba àtẹ̀gùn yẹn."

Irin ni àtẹ̀gùn náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán, ìtẹ̀sẹ̀ méjìlélógún ló ní. Kò sí lífìtì. Bàbá gun mẹ́ta, orúnkún kọ̀. Ó ní kí ọmọ òun lọ wò ó wá fún òun. Aránṣọ ò gbà, ó jókòó tì í nísàlẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti dí ojú fèrèsé.

Nígbà tó yá, agogo dún lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ rọra. Lẹ́yìn náà ni ìró ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lókè orí wọn, gìrì, gìrì, gìrì.

Bàbá gbé ojú sókè. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo tún wà nísàlẹ̀," ó ní.

Obìnrin tó ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ rí wọn. Ó gbé omi wá fún Bàbá, ó kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ò kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé àtẹ̀gùn ń nira fún yín ni?"

Bàbá ń wo ilẹ̀. Aránṣọ ló dáhùn: "A kọ rárá, mà."

"Háà! Ká ní ẹ sọ òótọ́ ni, à bá ti sọ fún yín pé ọkọ̀ yìí ò bá yín mu. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tí bàtà bá há mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ ló máa gé ni, àbí bàtà ló máa pààrọ̀?"

"Ṣé ọkọ̀ mìíràn wà ni?" Aránṣọ bèèrè.

"Ó wà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi dídán àwòrán mú ọkọ̀. Ẹ pè wọ́n. Ẹ bi wọ́n bóyá ọkọ̀ ń fara kan èbúté, àbí ọkọ̀ kékeré ló ń gbé èèyàn lọ bá a láàárín omi. Ṣé lífìtì dé ibi tí wọ́n ti ń wòran gan-an? Torí òmíràn wà tó jẹ́ pé àjà kejì ló ń dúró sí. Tí ẹ bá máa sùn síbẹ̀, ṣé irin ìdìmú wà lára ògiri balùwẹ̀, ṣé ẹnu ọ̀nà gba àga onítáyà? Ṣé nọ́ọ̀sì wà? Kí wọ́n kọ ìdáhùn ránṣẹ́ o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tó bá ní 'ẹ ṣáà máa bọ̀, a ó gbé wọn,' ẹ sá fún un."

"Gbé ta ni?" Bàbá gbé orí sókè. "Ṣé àpò sìmẹ́ǹtì ni mí?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. Bàbá nu ojú rẹ̀, ó yíjú sí obìnrin náà.

"Ọmọ mi, o gbàgbé ọ̀kan. Kí èèyàn bèèrè bí odò ṣe máa rí lọ́jọ́ náà. Tó bá fà, afárá á dà gẹ̀rẹ́. Tó bá kún, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n délé, Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọlọ́kọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, a ó gbé Bàbá." Aránṣọ dágbére fún un. Ẹnì kejì ní lífìtì wà, ṣùgbọ́n nígbà tí Aránṣọ ní kó fi àwòrán lífìtì náà ránṣẹ́, kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹnì kẹta dáhùn gbogbo rẹ̀, ó kọ ọ́ ránṣẹ́. Dókítà yẹ Bàbá wò, ó ní kó lọ, kó sì kó oògùn rẹ̀ sínú àpò ọwọ́.

Fọ́ọ̀mù tún dé, pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Aránṣọ nà án sí bàbá rẹ̀. Bàbá gba fóònù, ó fi ìka kan tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

"Èyí le ju àtẹ̀gùn méjìlélógún yẹn lọ," ó ní.

Wọ́n dúró di ìgbà tí òjò mú odò kún. Afárá tẹ́ pẹrẹsẹ. Lífìtì gbé Bàbá dé òkè pátápátá, wọ́n gbé àga fún un lẹ́bàá irin tó yí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ká. Nígbà tí agogo dún lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, ó fa nǹkan tí kò sí níbẹ̀ sẹ́yìn, bí ìgbà tó máa ń dín eré ẹ́ńjìnì kù. Ọkọ̀ rọra. Omi náà yọ.

Bàbá wò ó títí.

"Òótọ́ ni ìyá yín sọ," ó ní níkẹyìn. "Kò tán lóòótọ́."

Lẹ́yìn náà ló pe òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan. "Ta ló wà nídìí ẹ́ńjìnì?"

"Ọkùnrin kan ni, Bàbá."

"Bá mi sọ fún un pé mo ti rí i. Kó wá àyè gòkè wá wò ó lọ́jọ́ kan, kí orúnkún tó kọ̀."

Ẹ̀yin àgbà wa, àti ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣètò ìrìnàjò fún wọn, abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ sọ bí ara ṣe rí gan-an, ẹ má fi bò. Ẹ bèèrè nípa ẹnu ọ̀nà, lífìtì, balùwẹ̀ àti ìtọ́jú ìlera, kí ẹ sì gba ìdáhùn ní kíkọ sílẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá bá ẹsẹ̀ yín mu, ẹ fi sílẹ̀, ẹ wá òmíràn. Ẹ bèèrè nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní èbúté, kì í ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíràn bá ti ń dún lókè orí yín.